Wọ́n Kọ́ Géètì, Odò Gbé Bàbá Sàníù Lọ

Odò Ẹlẹ́ja gbé Bàbá Sàníù ará Abúlé Aládà lọ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Nísàlẹ̀ odò, lẹ́bàá oko kókò, ni a ti rí òkú rẹ̀, báàgì àlejò ṣì wà léjìká rẹ̀. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ àgbègbè wa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ abúlé wa. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ báyìí.

Ẹni tí kò bá mọ Aládà, kó wọkọ̀ láti Ìbàdàn, kó kọjá Mọ́níyà, kó gba ọ̀nà Ìjàyè, kó sì bọ́ sílẹ̀ níbi tó bá ti rí géètì ńlá kan tó dá dúró nínú pápá. Kò sí ọgbà lọ́tùn-ún rẹ̀, kò sí lósì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ewúrẹ́ ń gbà kọjá. Wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀" sí iwájú rẹ̀, wọ́n kọ "Ó dàbọ̀" sí ẹ̀yìn. Lẹ́yìn géètì ni odò wà, lẹ́yìn odò ni abúlé, lẹ́yìn abúlé ni yàrà àtijọ́ tí àwọn ará Ìjàyè gbẹ́ nígbà ogun. Yàrà yìí ni àlejò ń wá wò. Nítorí rẹ̀ ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣe fún ìgbìmọ̀ ní owó ìrànwọ́, pé kí wọ́n fi afárá sórí odò kí ọ̀nà lè já gaara.

Afárá dà? Igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo tí Bàbá Sàníù fúnra rẹ̀ gé lulẹ̀ ni a ṣì ń tẹ̀ kọjá.

Àgbẹ̀ oníṣu ni Bàbá. Oko rẹ̀ ló bá yàrà pààlà, òun ló sì ń mú àlejò rìn yí ibẹ̀ ká. Ẹnikẹ́ni kò yàn án. N kò ní tìtorí pé ó ti kú kí n máa purọ́: òpùrọ́ ni baba náà. Òpùrọ́ dídùn! Kòtò kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí ó bá sọ fún àlejò òní pé ẹṣin jagunjagun ló rì síbẹ̀, yóò sọ fún ti ọ̀la pé olorì kan ló ri wúrà mọ́ ibẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, èwo ni òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀?"

Ó wò mí tòkè tilẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó ti Ìbàdàn wá nínú oòrùn, ṣé kí n wá sọ fún un pé ibi tí bàbá mi ti wa amọ̀ mọlé ni?"

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kì í fi ṣeré. Àlejò kì í dá kúrò nílé rẹ̀. Ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín: àlejò tó bá ní òun ń lọ, a ó sìn ín sọ́nà. Ẹlòmíràn a sìn ín dé ìdí ọsàn, a yà padà. Ní ti Bàbá Sàníù, títì ló ń sìn wọ́n dé, ẹrù wọn léjìká rẹ̀, a sì dúró títí ọkọ̀ yóò fi gbé wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò tún padà wá tẹ igi ọ̀pẹ.

Nígbà tí wọ́n ń mọ géètì, mo lọ bá alága ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo, lábẹ́ agboòrùn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Afárá ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dọ́mọkùnrin, géètì ni àlejò kọ́kọ́ ń rí."

"Bí ó bá wá já sódò ńkọ́ sà, kí ni yóò rí?"

Ó ní ẹ̀kọ́ abúlé ló ń dà mí láàmú. Òótọ́ ni. Nílé ẹ̀kọ́ abúlé ni wọ́n ti kọ́ mi pé ibi tí omi bá wà ni wọ́n ń fi afárá sí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, olùkọ́ kan àti ìyàwó rẹ̀ ti Ìbàdàn wá wo yàrà. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi ọ̀pẹ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, Ìyá Mùnírù, ìyàwó Bàbá, tó máa ń fi orúkọ ọmọ wọn pè é, ní, "Bàbá Mùnírù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ojú wọn kọ́ ni wọ́n fi rí ọ̀nà wá ni?"

"Kí wọ́n wá délé kí wọ́n ní a lé àwọn?"

"Ẹsẹ̀ tí ẹ ní ó ń ro yín láàárọ̀ ńkọ́?"

"Àárọ̀ nìyẹn. Àlejò ò tí ì dé nígbà yẹn."

Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn. Olùkọ́ kọjá, ìyàwó rẹ̀ kọjá. Bàbá ló gbẹ́yìn pẹ̀lú báàgì wọn, igi sì yọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a ń sin ín, alága wá. Ó wá dé géètì. Bàtà funfun ló wọ̀, ó ní odò ti kún jù, ó jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, ó sì rán dírẹ́bà sí wa. Ṣé ẹ rí i báyìí pé géètì wúlò? Mo lọ bá a níbẹ̀. Ohun tó sọ fún mi nìyí: "Ó ṣe wá láàánú o. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó sìn wọ́n? Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dágbére."

Ẹ̀bi wa nìyẹn o, ẹ̀yin ènìyàn. A mọ àlejò í sìn jù.

Kàlẹ́ńdà ìgbìmọ̀ ni dírẹ́bà mú wá fún opó láti fi bá a kẹ́dùn. Àwòrán ta ló wà lójú rẹ̀? Ti Bàbá Sàníù, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ síta. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá wò wá, ọ̀nà dán." Ìyá Mùnírù wò ó pẹ́. "Wọ́n rí owó ya eyín rẹ̀," ni ó wí, "wọn ò rí pákó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tẹ̀." Ó dá a padà fún dírẹ́bà. Bí ó bá ṣe opó tán, igi ọ̀pẹ kan náà ni òun fúnra rẹ̀ yóò tẹ̀ lọ sọ́jà, iṣu lórí rẹ̀.

Ta ló sọ fún ìjọba pé afárá ti parí? Ọ̀gá tó ti Ìbàdàn wá yẹ iṣẹ́ wò, tí wọ́n fún ní bíà tútù lábẹ́ géètì, tó pàtẹ́wọ́, tó sì padà, kí ló dé tí kò bèèrè odò? Pákó afárá tí wọ́n já sílẹ̀ lójú gbogbo wa, ilé tuntun ta ni ó gbé òrùlé dúró ní Mọ́níyà? Kí ìgbìmọ̀ dáhùn ní gbangba. Kí ìjọba rán ẹni tí kò bẹ̀rù ẹrẹ̀ wá wò ó. Kí ẹni tó jẹ afárá wa pọ̀ ọ́, kí wọ́n sì kàn án kí òjò ọdún yìí tó dá.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni fídáù Bàbá Sàníù. Mo ń pe alága níwájú gbogbo ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí: kó wá jẹun, kó wá ṣe àmín. Kó bọ́ bàtà funfun rẹ̀ sí ìdí géètì. Bí ó bá sì ní òun ń lọ, kó má dágbére lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo abúlé ni yóò sìn ín dé odò. Òun ni yóò ṣíwájú lórí igi.