Ọdún Méjì Tí A Fi Kírun sí Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Bàbá mi wa ọkọ̀ kámíọ̀n láàárín Kùtọnú àti Malanville ní àríwá fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó ń fi èyí yangàn débi pé mo rò nígbà tí mo wà ní kékeré pé ó wà lára òpó ẹ̀sìn: kí a gbà pé Ọlọ́hun kan ṣoṣo ló wà, kí a máa kírun, kí a yọ sàká, kí a gbààwẹ̀, kí a lọ sí Mẹ́kà bí agbára bá ká a, kí awakọ̀ má sì béèrè ọ̀nà.

Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, a kúrò nínú ilé tí a háyà ní àdúgbò Ladjifarani, a kó lọ sí ilé tó kọ́ ní Albarika. Ọjọ́ tí a débẹ̀, a ò tíì gbé ibùsùn wọlé tí ó fi dúró láàárín àgbàlá, ó fa ìlà sílẹ̀, ó ní gábàsì nìyẹn, ibẹ̀ ni Mẹ́kà wà. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé àwọn àgbà tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Mẹ́kà láyé àtijọ́, ọ̀nà Malanville ni wọ́n gbà. Ó da sìmẹ́ńtì lé ìlà náà lórí kó má bàa parẹ́.

Ìgbà márùn-ún lóòjọ́ la ń tò sẹ́yìn rẹ̀, èmi àti àwọn àbúrò mi méjì. Kò fi àlùwàlá ṣeré rárá. Bó bá rí gìgísẹ̀ tí omi kò kàn, a dá olúwa rẹ̀ padà sídìí búùtà. Ṣùgbọ́n bó bá ti kábàrà wọ ìrun tán, ó ń ka súrà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Èmi ní tèmi, bí mo bá forí kanlẹ̀, dùǹdú ni mo sábà máa ń rò. Màmá kì í bá wa kírun níta. Ó ń ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, ó ní orókún òun kò fẹ́ ilẹ̀ líle, yàrá rẹ̀ ló ti ń kí tirẹ̀.

Báyìí la ṣe é fún ọdún méjì, títí aládùúgbò wa fi wọlé lọ́jọ́ kan. Onígbàgbọ́ ni, ará Ìdàáṣà, ó ń ránṣọ, ògiri kúkúrú kan ló sì là wá láàárín. Ó rọra bi Màmá pé kí ni òun ṣe fún wa, nítorí gbogbo ìgbà tí òun bá jáde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni gbogbo ilé wa ń dọ̀bálẹ̀ fún òun.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo lọ dúró sórí ìlà sìmẹ́ńtì, mo wá gábàsì lórí telefóònù mi. Èjìká mi ọ̀tún ló tọ́ka sí. Mo yí ká lẹ́ẹ̀mẹta, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo sọ fún Bàbá. Ó ní àwọn tó ṣe telefóònù kì í kírun. Síbẹ̀ ó ránṣẹ́ sí àáfà àdúgbò, kì í ṣe pé òun fẹ́ béèrè o, kó wá jẹ́rìí òun ni. Àáfà dé, ó wo oòrùn, ó wo ìlà. Lẹ́yìn náà ló fi pẹ̀lẹ́ sọ pé ẹni tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi, pé Ọlọ́hun ló ni ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, ṣùgbọ́n láti òní lọ, kí a yí sọ́wọ́ ọ̀tún.

Bàbá kọjá tààrà sí yàrá Màmá láti sọ fún un pé kó yí ẹní rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Apá ọ̀tún gan-an ni ẹní náà kọjú sí, ojú ibi tí orókún àti iwájú orí ń kàn sì ti ṣá.

Bàbá bi í pé, “Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ kejì tí a kó dé. Oòrùn ń yọ lójú fèrèsé mi.”

“O ò sì sọ fún mi?”

“Mo sọ. Ẹ ní kí n lọ wo ọbẹ̀ mi kó má jó.”

Mo rò pé yóò bínú. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń wo ẹní náà. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Ìwọ nìkan lò ń kírun sí Mẹ́kà nínú ilé yìí.”

Màmá ní, “Mo ń fi orúkọ gbogbo yín sí i.”

Nígbà tí Màgàríbà tó, Bàbá bẹ̀ ẹ́ kó jáde wá bá wa kírun. Ó tẹ́ ẹní onítìmùtìmù fún orókún rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kò sáré. Súrà gígùn ló mú, ó ń fa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn, àbúrò mi kékeré sì ń ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì. Bí a ṣe sálámà parí ìrun ni Màmá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn.

“Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìrun ọdún méjì pa wá nírọ̀lẹ́ kan.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àáfà ti lọ. Ó ní kí n lọ gbé oúnjẹ wá.