Àtàǹpàkò Nọ́ọ̀sì

Mo rántí ìgbà tí gbogbo agboolé wa ní Gàmbàrí ń bá mi yọ̀ pé ọmọ mi sanra. Ó kù díẹ̀ ká wọ ọdún 1990. Àkọ́bí mi obìnrin ni, ó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún kan ààbọ̀, mo sì ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí oyún kejì tó wà nínú mi. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ki, irun orí rẹ̀ ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń pè é ní Òyìnbó. Mo ń yan kiri bí ẹni pé kò sẹ́ni tó mọ ọmọ tọ́ tó mi. Ọmọ náà kì í rẹ́rìn-ín mọ́, ibi tí mo bá gbé e kalẹ̀ sí náà ni màá padà bá a, ni mo bá ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ẹ ò rí ìwà òmùgọ̀!

Wàrà ni mo ń dín tà ní ọjà Ipata. Láàárọ̀, màá ra tútù lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, màá fi iyọ̀ àti ata sí i, màá dín in títí ojú ẹ̀ á fi pọ́n. Ọmọ mi á wà lẹ́yìn mi, òórùn wàrà á máa fẹ́ sí i nímú, àmọ́ ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń wọ ọ̀fun rẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kì í ṣe pé mo láhun o. Ìyá ọkọ mi ló ti kìlọ̀ fún mi látìgbà tí ọmọ ti ń hu eyín. Wọ́n ní, "Ìyàwó, má fi ẹyin bà á lẹ́nu jẹ́, má fún un lẹ́ran, má fún un ní wàrà. Ọmọ tó bá ti mọ adùn ní kékeré, olè ló máa dà." Wọ́n fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ojú ara wọn lọ, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Tí oníbàárà bá fẹ́ já wàrà fún un, èmi gan-an ni màá gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù.

Nọ́ọ̀sì kan wà nílé ìwòsàn kékeré àdúgbò wa, ìyá kan tó wá láti Ọ̀mù-Àrán, tí kì í pariwo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n wá ra wàrà lọ́wọ́ mi, ojú wọn sì bọ́ sí ẹsẹ̀ ọmọ lẹ́yìn mi. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ náà, wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ jìn wọnú. Mo ń dúró kó padà, kò padà.

Wọ́n ní, "Ìyá wàrà, èyí kì í ṣe sísanra. Omi ló kún un lára. Ebi ń pa ọmọ yìí."

Wàláhì, inú bí mi. Mo ní, "Ebi kẹ̀, mà? Ọmọ tó ń mu ẹ̀kọ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́? Ó ń yó o!"

"Inú rẹ̀ ń yó, àmọ́ ara rẹ̀ ò rí ohun tó máa fi dàgbà. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹran, wàrà tó o ń dín yìí, ìyẹn ló ń mú ara ọmọ jí pépé. Tá ò bá tètè ṣe é, ó lè bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Mo palẹ̀ àtẹ mi mọ́ kíá. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé mi délé. Èrò mi ni pé ìjà máa ṣẹlẹ̀, torí ìyá ọkọ mi kì í gba gbẹ̀rẹ́. Àmọ́ nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí Màmá, kò bá wọn wí rárá. Wọ́n kàn ní, "Màmá, ẹ fi àtàǹpàkò yín tẹ ẹsẹ̀ ọmọ yín wò." Ìyá ọkọ mi tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n rí ihò náà, wọ́n ké "Lá ìláhà ìllalláhù! A ti pa ọmọ! Èmi ni mo ní kí wọ́n má fún un lẹ́ran àti wàrà, kó má baà di olè!"

"Kò tíì kú, Màmá. Ọmọ tí wọ́n ń fún lóúnjẹ àti ọmọ tí wọ́n ń fi oúnjẹ dù, èwo ló máa na ọwọ́ sí nǹkan ẹlòmíì nínú àwọn méjèèjì?"

Nọ́ọ̀sì gbé wàrà tí wọ́n rà lọ́wọ́ mi lé wọn lọ́wọ́, wọ́n ní ìyá ọkọ mi gan-an ni kó máa fún ọmọ jẹ. Títí dòní, ọgbọ́n yẹn ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Àràárọ̀ là ń gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Tá a bá padà délé, ìyá ọkọ mi á gún wàrà kúná sínú ẹ̀kọ, wọ́n á máa fún un díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́, bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Nígbà tí omi fà lára rẹ̀ tán, kí la rí? Egungun. Àwọn aládùúgbò ní nọ́ọ̀sì ti ba ọmọ arẹwà jẹ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo fẹ́ jáwọ́. Ìyá ọkọ mi ló lé àwọn ẹlẹ́nu náà jáde nínú agboolé.

Lọ́jọ́ kan, mo to wàrà sórí àtẹ, mo yíjú báyìí, ọmọ ti wọ́ débẹ̀, ó ti mú méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi bú sẹ́kún, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín mọ́ ọn: "Ẹ wá wo olè mi o! Ẹ wá wo olè mi!"

Kí n tó bí èkejì, wọ́n ti gbé nọ́ọ̀sì náà lọ sí ìlú míì. Mi ò dúpẹ́ tó lọ́wọ́ wọn, ó sì ń dùn mí. Olè wa ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí. Nígbà Iléyá tó kọjá, ó gbé àbígbẹ̀yìn rẹ̀ wá kí mi, gbogbo ilé ń pariwo pé ọmọ ti sanra jù. Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀, mo dúró, mo gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ padà kíá. Ìgbà yẹn ni èmi náà tó ní ọmọ sanra.