Kòkó Tí Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

Ẹ má bá mi wá àwáwí. Èmi fúnra mi ti wá a tì.

Àwa mẹ́rin là ń gbé abà kan náà lọ́nà Omifunfun, tí à ń ṣiṣẹ́ kòkó fún olóko: Oyèdèjì, Joanna ìyàwó rẹ̀, èmi Benson, àti Èṣùbíyìí. Èṣùbíyìí ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ga ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kò kọjá ti ọmọ ọdún mẹ́fà. Abà yẹn ni ìyá rẹ̀ kú sí, kò sì sí ẹbí tó wá bèèrè rẹ̀. Ìkòkò kan là ń jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bu òkèlè àfi tí gbogbo wa bá jókòó. Tí a bá sá kòkó, òun ló ń ṣọ́ ọ. Kí adìẹ tó yọrí, agolo rẹ̀ á ti dún gbàngbàn. Kí òjò tó kán, á ti kó kòkó wọlé.

Nígbà kan, ó sọnù sínú igbó, ọjọ́ mẹ́ta la fi wá a. Láti ìgbà náà la ti fi ẹgba kọ́ ọ pé ẹni tó bá fi í sídìí kòkó nìkan ló lè ní kó dìde. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára.

Owó epo dé, gbogbo ayé ń sáré lọ Èkó. Oyèdèjì àti ìyàwó rẹ̀ lọ. Joanna sunkún, ó ní kí n tọ́jú Èṣùbíyìí. Ẹkún ò ṣòro sun. Nígbà tí èmi náà ríṣẹ́ l'Ékòó, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ni yàrá gbà.

Mo mú un lọ sí Orè. Létí títì márosẹ̀, nítòsí ìsọ̀ Ìdáyátù tó ń ta fùfú fáwọn awakọ̀, mo tẹ́ ẹní, mo da kòkó tútù díẹ̀ lé e.

"Máa ṣọ́ ọ. Mò ń bọ̀."

"Ṣé ẹ ò ní pẹ́, Bọ̀dá Bẹ́ńsìn?"

"Kó tó gbẹ, màá ti dé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé agolo rẹ̀ lé itan. Mo wọ mọ́tò, n ò bojú wẹ̀yìn.

Ó di oṣù kẹrin kí n tó padà. Ẹrù mi tó kù ní abà ni mo wá kó, kì í ṣe òun. Ìdáyátù, tó jù mí lọ dáadáa, wò mí láti òkè délẹ̀ nígbà tí mo kí i.

"Ìwọ ni Bẹ́ńsìn?"

Ó ní lọ́jọ́ karùn-ún tí kòkó fẹ́ gbẹ, Èṣùbíyìí bẹ̀rẹ̀ sí í bomi wọ́n ọn. Àwọn awakọ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń ju eegun sí i. Nígbà tí òjò dé, inú rẹ̀ dùn, kò kó kòkó rárá, ó jókòó tì í nínú òjò.

"Mo fà á, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìwọ nìkan lo lè ní kí òun dìde. Ikọ́ ló pa á. Orí ẹní yẹn ló kú sí."

Ó wọlé, ó gbé ẹní náà jáde, ó tú u síwájú mi. Kòkó ti hu funfun, ó ti jẹrà.

"Ó ní kí n sọ fún ọ pé kò tíì gbẹ," Ìdáyátù wí, "pé o ò tíì pẹ́."