Orin Ìwẹ̀ Màmá Yàrá Ẹ̀yìn

Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé àjẹ́ ni màmá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé wa n'Íkòtún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò tíì sọ̀rọ̀ nígbà náà. Láràárọ̀ ni màmá máa ń wẹ̀ fún un, wọ́n á máa kọrin: "Omi dé orí, omi dé àyà, omi dé..." Wọ́n á wá dákẹ́, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, kí lẹ ń dúró dè?"

"Ohùn ẹ̀ ni, jàre. Ó wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ mi."

Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé àwọn ni wọ́n di ohùn ọmọ náà mú, mo sì lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, màmá sì kó lọ sí Àgbàdo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà wà nínú báàfù, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Ó gbójú sókè sí yàrá màmá tó ti ṣófo, ó tẹ́tí sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó ní, "Ẹsẹ̀!"

Títí dòní, mi ò tíì dé Àgbàdo lọ bẹ màmá.