Ọ̀fun Fàtímọ̀ Lọ Kọ́ṣẹ́

Ẹni tó bá ní orí Fàtímọ̀ pé, ẹni náà ò tíì bá a jókòó rí. Ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Minna, tó rí ààyè wọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ nípa afárá àti iná mànàmáná, òun lọ mú orin. Orin! Mẹ́rin péré ni wọ́n ní ẹ̀ka náà. Dùùrù wọn kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí àwọn onírin ti ń kọ́ṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni òòlù ń dá wọn lóhùn.

Ọdún kẹta ni wàhálà dé. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ ni pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́ níbi tí ẹ̀rọ wà, kí wọ́n sì máa kọ ohun tí wọ́n ṣe sínú ìwé lójoojúmọ́. Olùkọ́ kan yóò wá yẹ ìwé náà wò. Tí kò bá buwọ́ lù ú, kò sóyè. Ẹni tó ṣòfin yìí kò rántí pé olórin wà láyé.

Fàtímọ̀ rìn títí bàtà rẹ̀ fi yanu. Minna ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ nígbà náà. Pátákó iwájú ọ́fíìsì mìíràn tóbi ju ọ́fíìsì náà lọ. Níbì kan, wọ́n bi í bóyá páìpù omi ló fẹ́ máa kọrin fún. Ní Maikunkele, akọ̀wé kan rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti dá a lóhùn.

Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ìsọ̀ Bàbá Oyèdìran ní Tudun Wada, ẹni tó ń tún gbohùngbohùn mọ́sáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe.

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo lè kọrin, sà."

"Hábà! Èmi náà lè jẹun. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?" Bàbá wo gbohùngbohùn kan tó ti dà á láàmú láti àárọ̀, ó na ẹnu ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn sí Fàtímọ̀. "Ó dáa, kọ ọ́ sí èyí. Bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, kó o máa gòkè díẹ̀díẹ̀."

Fàtímọ̀ gun ohùn bí ẹni gun àkàbà. Ó kan ìgbésẹ̀ karùn-ún, nǹkan náà gbọ̀n bí eṣinṣin inú agolo. Bàbá tú u. Bébà inú rẹ̀ ti fàya.

"Kai! Ọ̀la ni kó o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Bó ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn. Níbi tí ìwé ti béèrè ẹ̀rọ tó lò, ojoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ gàdàgbà: "Ọ̀fun."

Ní oṣù kẹfà, Injiníà Àbdùlwàhídù, olùkọ́ àwọn onírin, wá yẹ ìwé wò. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un kà.

"Fàtímọ̀, ọ̀fun kì í ṣe ẹ̀rọ."

"Ó ń jẹ epo, sà. Ẹ bi màmá mi."

"Mi ò ní buwọ́ lù ú."

Bàbá Oyèdìran ò jiyàn. Ó kàn gbé gbohùngbohùn méjì síwájú àlejò. "Ọ̀gá, ọ̀kan nínú wọn ò dáa. Ẹ bá mi wá a."

Injiníà fi irinṣẹ́ rẹ̀ wọ̀n wọ́n, ó ní méjèèjì pé. Fàtímọ̀ kọrin sí wọn. Àkọ́kọ́ mọ́ gaara, èkejì ń kùn bí eṣinṣin. Ọkùnrin náà ò gbà. Ó já ẹnu ẹ̀rọ gbà, ó gbé orin tirẹ̀. Méjèèjì pariwo bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

"Ha, ọ̀gá," ẹnu Fàtímọ̀ ti yá ju ọpọlọ rẹ̀ lọ, "wọn ò bàjẹ́ tó báyìí o!"

Bàbá Oyèdìran kọ̀yìn sí wọn, èjìká rẹ̀ ń mì. Fàtímọ̀ gé ètè jẹ. Ẹni tí oyè òun wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni òun ń bú! Injiníà wò ó, ó wò ó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ nímú rẹ̀, kó tó dé ẹnu.

Ó jókòó lórí àpótí, ó buwọ́ lùwé. Ó kọ àádọ́rin, ó fagi lé e, ó kọ márùndínláàádọ́rin.

"Sà, máàkì márùn-ún yẹn ńkọ́?"

"O ò dáàbò bo ara rẹ lẹ́nu iṣẹ́. Akoto dà?"

Ó wọ mọ́tò rẹ̀. Fàtímọ̀ sáré tẹ̀ lé e, ó di fèrèsé mú.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, irú akoto wo ni ọ̀fun ń dé?"