Agbábọ́ọ̀lù Tí Kò Ní Pátì

Òórùn alokó, ìyẹn dòdò tí wọ́n ń dín l'Abidjan, ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn. Aládùúgbò wa kan máa ń dín in lójúde, èéfín rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wá bá mi lórí ẹní. Lọ́jọ́ mìíràn, oúnjẹ ni mò ń dìde fún. Lọ́jọ́ yẹn, òṣèlú ni mo dìde fún.

Ìbò ti ń sún mọ́lé nígbà yẹn. Agboolé wa l'Abobo, àdúgbò kan l'Abidjan, tí gbogbo wa jọ ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ kan, ti pín sí méjì: àwọn Aláago àti àwọn Oníkọ́kọ́rọ́, nítorí àwòrán tó wà lára pósítà wọn. Àwọn tó ti ń jọ jẹun tipẹ́ wá ń kí ara wọn bí ẹni tó ń kí agbowó-orí. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ìkòkò àti bàsíà lọ́jà Adjamé, kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Bí Aláago bá dé ṣọ́ọ̀bù, á ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Bí Oníkọ́kọ́rọ́ bá dé, àdúrà kan náà ni. Bí mo bá bi í pé ti ta là ń ṣe, á ní, "Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran."

Èmi ò fẹ́ ṣe àlejò ní tèmi. Mo fẹ́ ní pátì. Ohun tí mò ń fẹ́ lọ́wọ́ pátì náà ò sì pọ̀: èyí tó bá fún mi ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án, ipò ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ni tèmi. Àwa ọmọdé ti fẹnu kò pé a máa gbá bọ́ọ̀lù ní Sọ́ńdè yẹn, ẹgbẹ́ tó bá borí ló máa lẹ pósítà mọ́ géètì agboolé. Mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá o. Èmi ni mo ni bọ́ọ̀lù, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè mí.

Koffi, tó ga ju gbogbo wa lọ, ló ń ṣe olórí Aláago. Séku ni ti Oníkọ́kọ́rọ́, ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, tá a jọ ń lọ ilé kéú, tá a sì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Wọ́n yan èèyàn títí, ó wá ku èmi nìkan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lábíyá.

"Séku, èmi ńkọ́?"

"Ànàǹgó, ẹ̀yin ò kúkú ní pátì," ló wí. Bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. "Ìwọ máa fun fèrè fún wa."

"Voilà!" ni Koffi wí. "Gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ná."

Bí mo ṣe di rẹfirí nìyẹn, tipátipá. Eré ti fẹ́ parí, ẹnikẹ́ni ò tíì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, nígbà tí Koffi yìn ín lọ sójú ilé. Séku, tí kì í ṣe òun ló ń ṣọ́lé, na ọwọ́, ó sì taari rẹ̀ síta. Èrò ti bo ojú àwọn yòókù, èmi nìkan ni mo rí i kedere. Séku wojú mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ bàbá mi. Bí mo bá ṣe bí ẹni tí ò rí nǹkan, mo ṣì ní ọ̀rẹ́, bóyá mo tiẹ̀ ní nọ́ńbà mẹ́sàn-án ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Àmọ́ ojú mi ti rí i, kò sì ṣeé dá padà. Mo fun fèrè.

"Pẹnárítì!"

"Ìwọ!" ni Séku ké. "Èmi tá a jọ ń fọwọ́ bọ abọ́ kan!"

"Ọwọ́ ọ̀hún náà lo fi gbá a."

Ni àwọn Aláago bá gbé mi sókè. "Ànàǹgó tiwa! Aláago ni!" Kí n má parọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo ní pátì fún ìwọ̀n ìgbà téèyàn lè fi mu omi inú ọ̀rá kan tán. Àfi bí Koffi ṣe gbá pẹnárítì náà wọlé kí n tó fun fèrè. Mo ní a ò ní kà á, kó tún un gbá. Àwọn tó gbé mi sókè ló tún kígbe lé mi lórí. Koffi fi ìbínú tún un gbá, bọ́ọ̀lù fo ògiri, ó bọ́ sórí gbáká kan, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tó ń kó èrò lọ Adjamé. Bọ́ọ̀lù mi bá gbáká lọ, títí dòní.

Pátì méjèèjì bá jọ dà bò mí. Látìgbà tí ìpolongo ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni agboolé wa kọ́kọ́ fìmọ̀ ṣọ̀kan.

Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo sá sí, níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn ń rojọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ṣé mi ò ti sọ fún ẹ?" ni bàbá mi wí. "Àlejò ní ojú..."

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ibí ni wọ́n bí mi sí."

Bàbá mi gbé bútà sílẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó bá ọjà tí kò rà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wá yíjú sí Séku. "Ṣé o fọwọ́ kàn án àbí o ò fọwọ́ kàn án?"

Séku wolẹ̀. "Mo fọwọ́ kàn án, Bàbá."

"Ó parí." Ó tì mí wọlé, ó sì padà sídìí bútà rẹ̀.

Kò sí pósítà kankan tó dórí géètì wa lọ́dún yẹn. Séku ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ìbò fi lọ, kí ebi tó bá wa parí ìjà.

Mo ti dàgbà, mo ti gba ìwé ọmọ ìlú, mo sì ti ní káàdì ìdìbò báyìí, èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fíríìjì ni mò ń tún ṣe nílé àwọn olówó ní Zone 4. Bí onílé bá ní, "Ọkùnrin wa yìí máa wọlé, àbí?" màá ki orí bọ inú fíríìjì, màá ní gáàsì ti tán. Bí ẹni tó ń dáná fún un bá yin olóṣèlú mìíràn ní kíṣìnì, gáàsì náà ló tún tán. Ìgbà tí mo bá dẹ́yìn aṣọ níbùdó ìbò nìkan ni mo máa ń rántí ẹni tó la gọ́tà àdúgbò wa àti ẹni tó wulẹ̀ ya fọ́tò lẹ́bàá rẹ̀, màá sì tẹ ìka fún ẹni tó tọ́ sí, pátì yòówù kó ti wá. Bí mo bá délé, tí ìyàwó mi bá bi mí pé ta ni, màá ní àṣírí ni.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ì bá ti pariwo orúkọ ẹni náà láàárín agboolé. Òun tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá, bó bá rí mi lónìí, mi ò rò pé ó máa yàn mí sí ẹgbẹ́ rẹ̀.