Nítorí Gáàsì, A Fẹsẹ̀ Gun Òkè Mápó

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni àbúrò mi pè mí láti Bẹẹrẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá àwọn ìyá ọmọ sọ̀rọ̀ o. Wọ́n tún ti ń gbé sílíńdà ìdáná sínú ọkọ̀ tó ń kó ọmọ lọ sílé ìwé." Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé.

Ọdún tí bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n gógó ni ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí wa. Àwọn onítakisí ń yí ọkọ̀ wọn sí gáàsì. N kò lòdì sí gáàsì. Àwọn tó lágbára ra tánkì nínípọn tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n sì bá wọn dè é. Àwọn tí kò lágbára fi rọ́bà táyà so sílíńdà ìdáná mọ́ inú búùtù, wọ́n wá kó báàgì àwọn ọmọ lé e. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Àrìnọlá, ọmọ mi ọmọ ọdún méje, ń wọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dé pẹ̀lú òórùn gáàsì lára aṣọ ilé ìwé rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa òbí mọ́kànlá dúró ní Bẹẹrẹ, a ò fi ọmọ sọ́kọ̀. Bàbá Ṣakirat, awakọ̀ wa, sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Àrìnọlá, ẹ ti gbé wàhálà yín dé. Gáàsì tí ẹ fi ń dáná nílé, ṣé ó ti pa yín ni?"

"Sítóòfù mi kì í sáré gun òkè Mápó."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

"Imú ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Kò rùn rárá!"

Mo ti po ọṣẹ mọ́ omi sínú ike. Mo dà á sí ibi tí rọ́bà tó ń gbé gáàsì lọ ti so mọ́ sílíńdà. Ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í wú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àyà ọmọ tó ń sùn. Gáàsì ń jò. Bàbá Ṣakirat ti bá òórùn náà jókòó pẹ́ débi pé imú rẹ̀ kò gbọ́ ọ mọ́.

"Subuhánàlláhì," ó wí. "Ṣakirat náà ń wọ̀ ọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi fẹsẹ̀ kó ọmọ gòkè. Bí àlá ló rí lójú mi báyìí: aṣọ funfun wọn nínú kùrukùru ọyẹ́, òrùlé tó ti dípẹtà tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, bàtà kéékèèké ń dún lórí ọ̀dà. Àwọn awakọ̀ kan ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ológun ẹlẹ́sẹ̀!" Nígbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ onímọ́tò ní sílíńdà ìdáná kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ọmọ ilé ìwé mọ́.

A borí. Ṣùgbọ́n Bàbá Ṣakirat kò rí owó ra tánkì ọkọ̀, iṣẹ́ kíkó ọmọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì lọ kí i nílé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìyẹn ṣì ń dùn mí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọjọ́ tí òfin jáde ni àwa di ojú tiwa, a ò yẹ búùtù wò mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ yín tó wọ ọkọ̀ onígáàsì, ẹ ní kí awakọ̀ ṣí búùtù. Bí sílíńdà ìdáná bá wà níbẹ̀, ẹ di ọmọ yín lọ́wọ́ mú, kí ẹ sì bá awakọ̀ náà sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù.